Ẹ̀jẹ̀ tí Wọ́n Ní Ó Ti Gunsan Wá

Kò sí obìnrin tó mọ ewé òkun í tẹ́ ní Dolmeori tó Ìyá Sang-gu. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí ohun mìíràn ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejìlá, tí atẹ́gùn òkun bá ń gé etí bí abẹ, á ti wà nídìí àtẹ oparun kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á máa da ewé òkun tí a ti gún sórí ẹní wẹ́wẹ́, á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á sì tín-ín-rín débi pé ẹ lè gbé e sójú kí ẹ fi wo oòrùn. Tirẹ̀ kì í ya. Tèmi a máa ya. Pyo Gil-nyeo ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ láàárín wa, obìnrin tó bá ti bímọ ti sọ orúkọ nù. Ìyá Sang-gu là ń pè é.

Gunsan, ìlú èbúté, ló ti wá. Bàbá rẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe níbẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí Mok Chun-sik fẹ́ ẹ wá sí abúlé wa, ó sì bí Sang-gu ní ọdún kejì, ọmọkùnrin kan ṣoṣo, kò bí mìíràn mọ́. Gunsan yìí náà ni ibùdó àwọn sójà òfurufú Amẹ́ríkà wà. Fún ọdún mọ́kàndínlógún gbáko, kò sẹ́ni tó rántí pé ibùdó kankan wà níbẹ̀.

Ìgbà tí ìjọba pe Sang-gu fún àyẹ̀wò iṣẹ́ ológun ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọkùnrin ilẹ̀ wa ló ń ṣe é. Wọ́n wọn gíga rẹ̀, wọ́n wo eyín rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó mú ìwé kan bọ̀ wálé, wọ́n kọ O sí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ O náà ni ìlà kékeré kan dùbúlẹ̀ sí. Nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn wa, bóyá la fi lè rí mẹ́ta tó ní ìlà yẹn. Ara àwọn òyìnbó ló pọ̀ sí. Dókítà ológun náà ti bá a ṣàwàdà: "Ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ òyìnbó rèé o!" Sang-gu, ọmọ tí kò gbọ́n, wá fi ẹ̀rín sọ ọ́ nídìí oúnjẹ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ń bá wọn jẹun lọ́jọ́ náà. Mok In-deok ni, Ìyá Ìjọ wa, obìnrin tó jẹ́ pé bí kò bá tíì jókòó ní ìsìn, Pásítọ̀ kò ní ṣí ìwé orin. Ó gbé igi ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo irun Sang-gu, tí oòrùn àti iyọ̀ ti sọ di pupa rúsúrúsú bí ti gbogbo ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ojú omi. Ó wo imú rẹ̀.

"Gunsan," ló wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó sì tún gbé igi ìjẹun rẹ̀, ó ń jẹun lọ.

Kí oṣù tó parí, gbogbo Dolmeori ti gbọ́. Àwọn ọmọ kékeré ń pe Sang-gu ní Sájẹ́ǹtì. Nídìí àtẹ ewé òkun, a ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sinmi.

"Ìyá Sang-gu, èdè wo lo fi ń bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀ nílé?"

"Ẹ bi í wò, ó mọ bọ́tà í jẹ."

"Ṣé àwọn ará ibẹ̀ ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, àbí tòun ti bàtà ni?"

Kì í dáhùn. Á máa tẹ́ ewé òkun rẹ̀. Ìgbà tí kò dáhùn la fi mọ̀ pé òótọ́ ni. Bó bá dáhùn ni, à bá ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú.

Chun-sik ọkọ rẹ̀ kò lù ú. Ìbá kúkú lù ú. Ó ká ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jẹun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé ọtí wá fún un nínú ìgò wàrà, kí Pásítọ̀ má bàa rí i, pé kí ọkàn rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ọdún méjì ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi gba ọtí náà mọ́ra. Nígbà tó kú, Sang-gu ti wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó ti di ọ̀pá ọmọ olóòkú mú lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ ṣíwájú òkú bàbá rẹ̀. In-deok gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ fìlà ọ̀fọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ ló kó o fún.

"Ẹ̀jẹ̀ Mok ló ń sin Mok," ló wí.

Èmi ni mo bá wọn so okùn fìlà náà mọ́ ọmọ In-deok lágbọ̀n. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Wọ́n ní kí n so ó, mo so ó. Sang-gu tẹ̀ lé òkú bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn pátápátá, láàárín àwọn tó gbé ìkòkò ọbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bi ìyá rẹ̀ pé kí ló kù tó ń ṣe níbí, kí ló dé tí kò padà sí Gunsan sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.

"Bí mo bá lọ, òótọ́ ni wọ́n sọ nìyẹn," ló dá mi lóhùn. "Ẹnu tó ní Sang-gu kì í ṣe ọmọ Mok, ẹnu náà ló máa sọ pé ọmọ Mok ni. Mo máa gbọ́ ọ kí n tó kú."

Kò fẹ́ ju ìyẹn lọ. Ọdún márùn-ún mìíràn kọjá, kò gbọ́ ọ.

Ní ọdún keje ọ̀rọ̀ yìí ni Pásítọ̀ pinnu pé lọ́jọ́ Àjíǹde, bí Olúwa ti ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, kí àwa náà ta díẹ̀ fún aláìsàn. Ọkọ̀ ńlá àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wá dúró sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. In-deok ló kọ́kọ́ gòkè. Mo tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin yòókù tò sẹ́yìn wa, Ìyá Sang-gu sì wà ní ìparí, níbi tó máa ń wà.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí, kó má fòyà, kò le. Wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní ìwé ìbéèrè. Ṣé ẹ jẹun? Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ẹ̀dọ̀ dùn yín rí? Ṣé ẹ ti bá ẹni tí kì í ṣe ọkọ yín sùn? In-deok kò mọ ìwé tó bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ń kà á fún un. Bí mo ṣe ka ti ìkẹyìn yìí tán, ó gbóhùn sókè kí ó lè dé ìparí ìlà:

"Ẹ gbé èyí fún Ìyá Sang-gu, òun ni kó dáhùn ẹ̀!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín. Ọjọ́ Àjíǹde ni o.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á wọn ìwúwo yín, wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Nọ́ọ̀sì á wá fi abẹ́rẹ́ ta yín ní orí ìka, á kán ẹ̀jẹ̀ ẹyọ kan sínú omi aláwọ̀ aró. Bó bá rì, ẹ̀jẹ̀ yín dára. Bó bá léfòó, kò nípọn tó. Tèmi léfòó. Ó dúró gbagidi lójú omi bí ẹni tó wá najú.

"Mama, ẹ̀jẹ̀ yín fúyẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ lọ máa jẹ ẹran."

In-deok ní, "Àdúrà rẹ̀ náà fúyẹ́. Èyí kò yà mí lẹ́nu."

Tirẹ̀ rì bí òkúta. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká aṣọ rẹ̀ sókè, wọ́n fi rọ́bà so ó lápá, wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù kékeré pé kó máa fún un mọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ náà a máa dùn díẹ̀ bó bá ń wọlé, bí ìgbà tí ìjàlọ bá gé èèyàn jẹ, ó sì tán. Àpò ẹ̀jẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ kan tó ń rọra mì ín síwá sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́, wọ́n ní kó jókòó kí òòyì má kọ́ ọ, wọ́n fún un ní wàrà àti àkàrà òyìnbó. Méjì ló jẹ.

"Ìkíní nítorí ara," ló wí, "èkejì nítorí ìjọ."

Ìyá Sang-gu kò dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ kò tó ìwọ̀n tí òfin wí. Nọ́ọ̀sì ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan sì ní, "Wọ́n ti mú gbogbo ẹ̀ ní Gunsan."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, In-deok mú lẹ́tà wá bá mi. Èmi ni mo ń ka lẹ́tà fún ìdajì abúlé, nítorí mo ka ìwé girama, ẹ̀bi bàbá mi ni.

"Ìyá Yeong-suk, àwọn ẹlẹ́jẹ̀ kọ̀wé sí mi. Bóyá wọ́n fẹ́ fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ. Kà á kí n gbọ́."

Mo là á. Mo kà á sínú.

"Kí ni wọ́n kọ?"

"O ni ẹ̀jẹ̀ yín."

"O yẹn, mo rí i. Ó rí roboto. Ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ṣé tádàwà ló fà ni?"

Mo fẹ́ ká lẹ́tà náà padà.

"Ìyá Yeong-suk, kà á."

Mo kà á fún un. Pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Pé kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí wọ́n lè pè bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu. Mo tún ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé fún un: pé irú ẹ̀jẹ̀ yìí lè sá pamọ́ sára bàbá, kó sá pamọ́ sára ìyá, kí ẹnikẹ́ni má rí i, kó wá yọjú lára ọmọ. Pé kò ní òyìnbó kankan í ṣe. Pé ara ìdílé Mok gan-an ló wà.

Ó gba lẹ́tà náà, ó ká a, ó tún un ká, títí tó fi kéré bí èékánná.

"Àṣìṣe ni," ló wí.

"Ó lè jẹ́ àṣìṣe."

"O ò rí lẹ́tà kankan."

"Mi ò rí lẹ́tà kankan, Ìyá Ìjọ."

Lọ́jọ́ kejì, ó fi apẹ̀rẹ̀ ẹja ránṣẹ́ sí mi, ẹja tó sanra. Mo sè é. Mo gbàdúrà sí i kí n tó jẹ ẹ́.

Ọdún yẹn kò tíì parí nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa okùn nínú ọkọ̀ ewé òkun gbá ẹsẹ̀ Sang-gu mú. Ó fọ́ itan rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Gwangju, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Àpò méjì péré ni wọ́n rí ní gbogbo agbègbè náà, ó sì ti tán. Dókítà ní bí wọn ò bá rí òmíràn kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ò ní lè là á, bí àwọn ò bá sì là á, yóò kú. Rédíò ń kéde rẹ̀ láti òwúrọ̀: ẹni tó bá ní O tó ní ìlà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde.

Nídìí àtẹ, a ń gbọ́ rédíò, a ń tẹ́ ewé òkun.

"Kí wọ́n tẹ Gunsan láago ni. Bàbá ẹ̀ á gbé e."

"Bí wọn ò bá ti rán an padà sílé. Ó ti gbàgbé wọn tipẹ́."

Mo fi ẹní sílẹ̀, mo gba ilé In-deok lọ. Àsìkò kimchi ọlọ́dọọdún ni, tí à ń fi ata tọ́jú kábéèjì de òtútù. Ó jókòó sáàárín kábéèjì, ata ti kùn ún lọ́wọ́ dé ìgúnpá, ó pupa yòò.

"Ìyá Ìjọ, ẹ gbọ́ rédíò?"

"Etí mi ò di."

"Ẹ wọ bàtà yín."

"Lọ síbo? O ò rí kábéèjì ọgọ́rùn-ún tó wà nílẹ̀ yìí?"

"Ọmọ àbúrò yín ń kú lọ."

"Ọmọ ta?"

"Ẹ má bá mi ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ka lẹ́tà yẹn fún yín."

"O ní o ò rí lẹ́tà."

"Mo ti rí i báyìí."

Ó ń fi ata pa kábéèjì, ewé kan tẹ̀ lé ewé kan, kò yára, kò falẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Bó bá jẹ́ ọmọ wa ni," ló wí, "ta ló pa Chun-sik?"

"Ọtí ni."

"Ta ló ń gbé ọtí fún un?"

Mo fi bàtà rẹ̀ sí iwájú rẹ̀.

"Ó dára. Pọnmi wá kí n fọwọ́. A ó lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbọ́, Ìyá Yeong-suk, bí o bá yanu, ìwọ náà lo so okùn fìlà yẹn. Ìwọ náà lo jẹ ẹja."

Bọ́ọ̀sì wákàtí méjì ni dé Gwangju. Nílé ìwòsàn, wọ́n gbà á bí ọba. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ta á níka, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rì bíi ti ọjọ́ Àjíǹde. Òórùn ata ṣì wà lára apá rẹ̀, nọ́ọ̀sì fi oògùn apakòkòrò inú ìgò nù ún lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gún un. Ọmọbìnrin náà dunnú débi pé ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́.

"Mama, Ọlọ́run ló rán yín. Báwo lẹ ṣe jẹ́ sí aláìsàn náà?"

In-deok fún bọ́ọ̀lù inú ọwọ́ rẹ̀.

"A ò tan," ló wí.

Ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ sínú àpò. Mo ń wò ó. Ó dúdú ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n gbé e lọ kí ó tó tutù, ní ìrọ̀lẹ́ àpò kan tún dé láti Busan, wọ́n sì la Sang-gu. Kò kú.

Bí a ṣe jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Sang-gu wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ewé òkun ṣì há sí i ní èékánná. Ó rí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó fi orúnkún rìn wá bá a. In-deok ti yára fa apá aṣọ rẹ̀ bo òwú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá! Ẹ wá wò ó!"

"Àdúrà ni mo wá gbà."

"Olúwa gbọ́ ọ. Wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan wá. Mo bẹ nọ́ọ̀sì kó sọ ẹni náà fún mi, ó kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

Mo rò pé yóò sọ ọ́. Mo rò ó tọkàntọkàn. Kò sí ẹlòmíràn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, àwa mẹ́ta péré ni, obìnrin náà sì wà lórí orúnkún.

"Àwọn sójà Gunsan ni," In-deok dáhùn. "Mo gbọ́ tí àwọn dókítà ń sọ ọ́. Ibùdó Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá."

Ìyá Sang-gu gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí wọ́n gún gan-an, ó fi kan iwájú orí. "Ọlọ́run á bù kún wọn," ló ń sọ. "Ọlọ́run á bù kún ilé wọn." Èmi ń wo bàtà mi.

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wa dé Dolmeori, bóyá rédíò ni, bóyá In-deok ló fi tẹlifóònù ránṣẹ́. Ayẹyẹ dé fún wa nídìí àtẹ.

"Mo sọ fún yín. Bàbá kì í kọ ọmọ."

"Ẹ̀jẹ̀ mọ̀nà ilé, ó gba ojú òfurufú wá!"

Ìyá Sang-gu padà wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ṣa ọgọ́rùn-ún ewé òkun, èyí tó dúdú tó ń dán, tí kò ní ihò kankan, ó dì í sínú aṣọ mímọ́. Ó wá bá mi nínú oṣù Kejì.

"Ìyá Yeong-suk, ìwọ lo mọ A B C àwọn òyìnbó. Sìn mí lọ sí ibùdó yẹn. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún ọmọ mi lẹ́jẹ̀."

"Wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé."

"N ó gbé e kalẹ̀ sí géètì."

"Ìyá Sang-gu, àwọn èèyàn á máa sọ..."

"Kí ló ṣẹ́kù tí wọn ò tíì sọ?"

Gbogbo abúlé ló rí wa nígbà tí a ń wọ bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan kígbe pé kó bá wọn kí ọkọ rẹ̀. Ó juwọ́ sí i.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì ibùdó náà, ọmọ ilẹ̀ wa ni, ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n kò tíì hù. Ó wo Ìyá Sang-gu, ó wo ẹrù orí rẹ̀.

"Ta lẹ wá rí, Ìyá?"

"Ọ̀kan nínú àwọn sójà yín. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ mi..."

"Háà." Kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Kò ṣe é bí ẹni tó fẹ́ dunni, ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ ọ́ ni. "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ni àkọ́kọ́. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wá síbí wá bàbá ọmọ wọn. Wọ́n ti lọ tipẹ́. Ẹ gba ilé lọ, ó tutù."

"Kì í ṣe bàbá..." Ìyá Sang-gu bẹ̀rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Fún ọdún méje, mi ò rí i kó sunkún, lọ́jọ́ yẹn náà kò sunkún.

Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ibùdókọ̀. A jókòó. Mo sọ ọ́ fún un níbẹ̀, gbogbo rẹ̀: lẹ́tà, ìlà, kábéèjì, òwú abẹ́ aṣọ. Mo sọ ti ẹja náà pẹ̀lú. Ó gbé ẹrù náà lé itan.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti Àjíǹde tó kọjá."

"Oṣù mẹ́wàá." Ó tú ẹrù náà, ó fa ewé kan yọ, ó gé e jẹ ní gbígbẹ, kò fi nǹkan kan sí i. "O sì jẹ́ kí n ṣa ewé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Dárí jì mí."

"Ìyẹn, Ọlọ́run ló ni ín. Tèmi ni pé kí o sọ ọ́. Kì í ṣe níbí. Níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni."

Ó jẹ ewé náà tán, ó fa òmíràn yọ. Kò fún mi jẹ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí Pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí dìde, mo dìde. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níwájú In-deok tó jókòó síwájú, tí mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Nígbà tí mo parí, gbogbo orí yí sọ́dọ̀ In-deok. Mo rò pé yóò ní irọ́ ni mò ń pa. Kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ mi, ó ti sun lẹ́tà náà. Ó dìde, ó di àga iwájú mú.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ wa ni. Ọmọ Mok ni Sang-gu."

Mo wẹ̀yìn wo Ìyá Sang-gu. Ó ti gbọ́ ọ. Ẹnu yẹn gan-an ló sọ ọ́. Ojú rẹ̀ là bí ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Bí Pásítọ̀ bá ti pe orin nígbà yẹn, bóyá à bá lọ sílé gẹ́gẹ́ bí èèyàn.

Ṣùgbọ́n Alàgbà Bang wà níbẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, etí rẹ̀ wúwo, nítorí náà kò mọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ í sọ, orúkọ ẹranko ló sì fi ń ka ọdún bíi ti àwọn àgbà wa.

"Ẹ̀jẹ̀ òyìnbó wà lára àwọn Mok?" ló bi ẹni tó jókòó tì í, gbogbo wa sì gbọ́. "In-deok! Ọdún wo ni wọ́n bí ọ? Ṣé ọdún ajá ni? Háà! Ọdún ajá ni míṣọ́nárì onírùngbọ̀n yẹn wọ̀ sílé wọn. Ìyá ẹ̀ ló ń fọ ẹ̀wù ẹ̀!"

Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín láti àga àwọn obìnrin. Ẹnì kan tẹ̀ lé e. Mo ti ṣàlàyé fún wọn tán pé kò ní òyìnbó í ṣe, mo ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò wọ̀ wọ́n létí. Tí wọ́n bá gbà pé ẹ̀jẹ̀ lásán ni, a jẹ́ pé lásán ni wọ́n fi jẹ obìnrin kan lẹ́ran fún ọdún méje. Ó rọrùn kí a wá obìnrin mìíràn. Ìyá In-deok ti kú láti ogún ọdún, a fi orin sin ín, òkúta orí sàréè rẹ̀ ló ga jù lórí òkè. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ó ti di aya míṣọ́nárì.

In-deok kò tún jókòó síwájú mọ́. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Màdáámù. Ọmọ rẹ̀, èyí tó gba ọ̀pá lọ́jọ́sí, ti kó lọ sí Busan. Nígbà tí Àjíǹde sì dé, tí ọkọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tún wá, kò sí ẹyọ èèyàn kan tó gòkè, nítorí ta ló mọ lẹ́tà tó máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá? Àwọn nọ́ọ̀sì jókòó títí di ọ̀sán, wọ́n jẹ àkàrà wọn, wọ́n lọ.

Kí àsìkò ewé òkun tó parí lọ́dún náà, In-deok kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ wa, ó di aṣọ mọ́ orí. Oòrùn mú díẹ̀. Sang-gu jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ tí kò lè ká mọ́, ó ń bá wa to ẹní. Àárín wa ni Ìyá Sang-gu wà, kò sí ní ìparí mọ́. Òun ló gbóhùn sókè.

"Ìyá Ìjọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ wá nǹkan bo imú yín, kí oòrùn má bàa bó o. Awọ yín kì í gba oòrùn!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó àtẹ. In-deok ń lọ, kò wẹ̀yìn. Mo rí i pé ó kọsẹ̀.

Sang-gu nìkan ni kò rín.

"Màámi, ẹ dá wọn lẹ́kun," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ìjọ ló wà lára mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún mi: nínú ìbí, àti ní Gwangju."

Ìyá rẹ̀ da ewé òkun sórí ẹní, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ lọ títí dé etí.

"Jẹ́ kí wọ́n sọ," ló dáhùn. "Ọdún méje ni tèmi. Tirẹ̀ ò tíì pé oṣù méjì."